Níbo ni "probably" ń jókòó? Ìdáhùn fún akọ̀wé ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè náà rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akọ̀wé ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo máa ń tẹ lẹ́tà tí a fi ń ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa obìnrin fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́ta nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́: 'The school bus will can reach Sabo from Monday definitely.' Èkejì: 'The proprietress can't still see parents in the morning.' Ìkẹta: 'Perhaps school fees might increase next term.' Wọ́n ní kí n lọ tún un kọ, wọn ò sọ ohun tó burú níbẹ̀. Tí mo bá yí wọn sí Yorùbá, gbogbo rẹ̀ ló dára létí mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi probably, definitely àti still ń jókòó tí will, can tàbí might bá ti wà nílẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sọ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ perhaps àti might pọ̀? Kí sì ni àwọn èèyàn ń sọ gan-an tí wọ́n bá ní 'may well' tàbí 'can't possibly'?"

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì ṣeun tí o béèrè. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀yọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ ni mo ti mọ̀ pé Yorùbá ni o fi ń ronú kí o tó tẹ ọ̀rọ̀, kò sì sí àbùkù níbẹ̀ rárá. Yorùbá náà ló máa yọ ọ́, torí pé ìdajì òfin tí ò ń wá ti wà lẹ́nu rẹ láti kékeré. Kí n sì tètè sọ èyí: nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn, méjì ló ní àṣìṣe. Ìkẹta kò ní àṣìṣe kankan, mo máa gbèjà rẹ̀ tí mo bá débẹ̀.

Jẹ́ ká ti orí "will can" bẹ̀rẹ̀. Yorùbá fàyè gba kí àwọn aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tò tẹ̀lé ara wọn. À ń sọ pé "Ọkọ̀ náà yóò lè dé Sábó." À ń sọ pé "Ọmọ náà gbọ́dọ̀ lè kàwé kó tó wọ kíláàsì yìí." À ń sọ pé "À bá ti lè tètè dé ká ní ọ̀nà dára." Wo èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa: bá, ti, lè, tètè, gbogbo wọn ló tò síwájú "dé" tí ìkankan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni àwọn aṣèrànwọ́ tí à ń sọ yìí: can, could, may, might, shall, should, will, would àti must. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló lè ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe kan. Bí will bá ti jókòó, can kò rí ààyè mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé will gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gidi bó ṣe wà, láìfi nǹkan kún un: go, come, see. Àwọn mẹ́sàn-án yìí kò ní irú ìrísí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ "to must" tàbí "musting". Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ni wọ́n. Ìtumọ̀ can nígbà náà ni kí èèyàn mọ nǹkan, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ọmọ kan mọ̀ ọ́n kà, mọ̀ ọ́n sè. Fífẹ́ ni ìtumọ̀ will, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń sọ títí dòní pé òjò fẹ́ rọ̀. Nígbà tí wọ́n di aṣèrànwọ́, wọ́n pàdánù agbára láti jókòó sẹ́yìn ara wọn. Nítorí náà, tí o bá nílò yóò lè, gbọ́dọ̀ lè, tàbí lè ní láti, èyí tó wà lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni o máa pààrọ̀: "will be able to", "must be able to", "may have to". Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kí a ní láti tètè ti ilé-ìwé, "We may have to close early" ni yóò kọ.

Àwọn ará ibì kan wà ní Scotland àti ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA) tí wọ́n máa ń sọ "might could" láàárín ara wọn. Èdè àdúgbò wọn nìyẹn, ó sì bá wọn mu. Má fi kọ lẹ́tà, má sì fi ṣe ìdánwò WAEC. Bákan náà, yẹra fún "can be able to" tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní báńkì àti nínú ìwàásù. Can ti sọ ọ́ tán. Be able to tún ń sọ ọ́. Mú ọ̀kan.

Ó wá kan ibi ìjókòó. Àwọn baba wa ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb) ṣe rí nínú gbólóhùn nìyẹn, nínú Yorùbá àti nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gbọ́ bí o ṣe ń sọ èyí: "Ó máa tètè dé." "Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́." "O lè kàn jókòó síbẹ̀." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, síbẹ̀ o kì í sọ pé "Ó máa dé tètè." Ààyè kan wà láàárín aṣèrànwọ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, ibẹ̀ sì ni tètè, kọ́kọ́ àti kàn ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì ní ààyè yẹn gan-an: "She will probably come." "You must first wash your hands." "You can just sit there." Probably, definitely, certainly, always, never, also, just, still, ibẹ̀ ni ilé wọn. Tí aṣèrànwọ́ bá pọ̀, bí i "will have been", ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ni kí o fi wọ́n sí: "She will probably have been told."

Àwọn àpọ́nlé mìíràn wà tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ ṣe rí ni wọ́n ń sọ: fluently, carefully, neatly. Ẹ̀yìn ni tiwọn, lẹ́yìn àbọ̀ (object). Èyí náà ti wà lẹ́nu rẹ. "Ó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa" ni ò ń wí, o kò jẹ́ sọ pé "Ó lè sọ dáadáa Gẹ̀ẹ́sì." Ṣùgbọ́n mo ti fi pupa gé "She can speak fluently English" nínú ìwé ọmọ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá rárá, torí pé èdè méjèèjì gbà lórí èyí.

Definitely tìrẹ tó wà nípàrí ń kọ́? Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò burú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rántí pé òun fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, ó fi kún un. Nínú lẹ́tà, òbí máa dúró rò ó bóyá ọjọ́ Mọ́ńdè ló dájú ni, tàbí dídé ọkọ̀. Gbé e sí àárín, kò ní sí iyèméjì.

Ibi tí èdè méjèèjì ti yà ni pé Yorùbá fẹ́ràn láti gbé ọ̀rọ̀ ìdánilójú síwájú pátápátá, kí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀: bóyá ó máa wá, ó ṣeé ṣe kó wá, ó dájú pé ó máa wá. Gẹ̀ẹ́sì lè fi perhaps àti maybe síwájú bẹ́ẹ̀, kódà iwájú ni maybe fẹ́ràn jù: "Maybe she will come." Láti inú "it may be" ni maybe ti wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ fi wà láàárín "Maybe she is at Takie", tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan níwájú, àti "She may be at Takie", tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì láàárín. Ṣùgbọ́n probably, definitely àti certainly, àárín ló tù wọ́n lára jù.

Jẹ́ ká wá dé orí "can't still", torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "kò" máa ń tètè jáde. Bí olùwà (subject) bá ti kọjá, "kò" ló kàn: "Ìyáàfin kò tíì lè rí àwọn òbí." Nítorí náà, ọwọ́ wa yá láti kọ can't kí a tó rántí still. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bi ọ́ ní gbogbo ìgbà tí not bá wà nínú gbólóhùn: kí ni not yìí bò? Ṣé ó bo àpọ́nlé mọ́lẹ̀, tàbí àpọ́nlé ló bo òun? Èyí tó bá ń bo èkejì ló máa ń ṣáájú.

Wo ọ̀gá yín. Wọn ò lè rí òbí láàárọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò sì lè rí wọn títí di ìsinsìnyí. Àìlèrí yẹn ló ń bá a lọ. Still ń bo can't, nítorí náà iwájú rẹ̀ ló máa wà: "still can't" tàbí "still cannot". Tó bá jẹ́ pé agbára ló ṣẹ́kù, bí i bàbá àgbà tó ṣì lè rìn, "He can still walk" ni. Probably náà ń tẹ̀lé ọ̀nà yẹn. Iyèméjì ni tirẹ̀, ó sì bo gbogbo gbólóhùn pẹ̀lú not inú rẹ̀: "She probably won't come." Tí o bá fẹ́ kọ not jáde pátápátá, "She will probably not come" dára, ó tiẹ̀ bá lẹ́tà mu jù. "She won't probably come" yé èèyàn, àmọ́ etí tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbà á.

Always yàtọ̀. "I can't always come" ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo lè wá; not ló bo always, ó sì ṣáájú. Èyí ló fà á tí n kò fi fún ọmọ ní òfin pé "fi àpọ́nlé sí ẹ̀yìn not" tàbí "fi sí iwájú not". Ọmọ tó bá há irú òfin bẹ́ẹ̀ sórí máa ṣe dáadáa nínú ìbéèrè kan, á sì ṣubú nínú èkejì.

Gbọ́ bí ìjókòó ṣe ń yí ìtumọ̀ padà. "You can't just leave" ni ìyá máa ń sọ fún ọmọ tó fẹ́ jáde láìdágbére: o ò lè kàn máa lọ báyẹn. "I just can't leave" ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ń sọ: mi ò ṣáà lè lọ. "I can't really say" ń sọ pé n kò lè sọ ní pàtó, mo mọ díẹ̀. "I really can't say" ń sọ pé n kò lè sọ rárá, má ṣe bi mí mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ìjókòó nìkan ló yàtọ̀, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ wọn máa hùwà ní ọ̀nà méjì.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, wọ́n dá ìyá mi dúró ní ilé ìwòsàn kan nílùú mìíràn. Kò tíì sí fóònù alágbèéká. Nọ́ọ̀sì kan kọ ìwé pélébé, ó fi rán awakọ̀ sí mi: "Mama may well be discharged on Friday." Mo rí may, mo ní ó lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì lè máà jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo rí well, mo ní ara màmá ti dá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo fọkàn balẹ̀, mo parí ìwé ìdánwò tí mo ń máàkì, mo gbéra ní Sátidé. Nígbà tí mo dé, ìyá mi ti wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹrù wọn láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn fún ẹlòmíràn. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n sùn mọ́jú. Wọn ò bá mi wí; wọ́n kàn béèrè pé ṣé mo ti jẹun.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ yé mi nígbà tó yá. Well tó bá wà láàárín, lẹ́yìn may, might tàbí could, kì í sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe nǹkan dáadáa. Ó ń fi agbára kún ìṣeéṣe. "May be discharged" ń sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀. "May well be discharged" ń sọ pé ó ṣeé ṣe gan-an, múra sílẹ̀. Tí well bá lọ sí ẹ̀yìn, ó padà sí ìtumọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. "She may sing well": bóyá ohùn rẹ̀ máa dùn. "She may well sing": ó jọ pé yóò kọrin, dídùn ohùn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọmọ pé ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kékeré àárín gbólóhùn, ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló fò.

Má ṣe da may well pọ̀ mọ́ might as well. Ọkọ̀ ti lọ, òmíràn kò sí, ẹni kan ní "We might as well walk." Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó bá èyí mu régí: ká kúkú máa fẹsẹ̀ rìn. Kúkú ni might as well. Kò ní ayọ̀ nínú, kò ní ìbínú nínú. Ohun tó sàn jù kò sí mọ́ ni.

Always náà ní ìwà kan tó ń tan àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ. "You could always ask the gateman" kò ní kí o máa bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà gbogbo. Ó ń sọ pé bí gbogbo ọ̀nà bá dí, ìyẹn ṣì wà nílẹ̀. Easily bẹ́ẹ̀: "He can carry it easily", lẹ́yìn, ń sọ pé kò ní rẹ̀ ẹ́. "He could easily have died", láàárín, ń sọ pé díẹ̀ ló kù kó kú. N kò rí ìrọ̀rùn kankan nínú èyí.

O béèrè nípa can't possibly. Possibly nìkan jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìlágbára, bóyá ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sábẹ́ can't tàbí couldn't, ó di òdì kejì. "I can't possibly finish today" ń sọ pé kò sí bí yóò ṣe ṣeé ṣe, bí a tilẹ̀ wá gbogbo ọ̀nà. Not ti bo possibly, ó pa gbogbo ìṣeéṣe inú rẹ̀ rẹ́. Gbé possibly síwájú, "He possibly can't finish today", ó tún padà di bóyá. Nínú ìbéèrè, ọ̀wọ̀ ló ń fi kún un: "Could you possibly come on Thursday?" dà bí ìgbà tí a bá ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá ṣeé ṣe." Akọ̀wé ilé-ìwé nílò gbólóhùn yìí púpọ̀, torí pé Could you nìkan lè dún bí àṣẹ létí òbí tó dàgbà jù ọ́ lọ. Probably kì í wọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dáadáa, dípò "Will she probably come?", kọ "Is she likely to come?"

Hardly nìkan ni mo fẹ́ sọ kíákíá lórí àwọn tó kù. Not ti wà nínú rẹ̀. "I can hardly hear you" tó. Má ṣe kọ "can't hardly".

Mo ti dé orí gbólóhùn ìkẹta. O ní ṣé perhaps àti might jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí o sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jọra lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì dojú kọ, wọ́n ń gbe ara wọn. Àwa náà ń sọ pé "Bóyá òjò lè rọ̀," kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wa pé ká yọ ọ̀kan. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí aṣèrànwọ́ àti àpọ́nlé máa fa gbólóhùn sí ọ̀nà méjì. Must ń sọ pé ó dájú tàbí pé ó di dandan; bí o bá fi perhaps tàbí probably tì í, ó máa dún bí ẹni tó ń lọ tó sì ń padà. Should kò le tó must, nítorí náà ó gba probably dáadáa: "You should probably see a doctor" jẹ́ ìmọ̀ràn tí a fi ọwọ́ rọra gbé kalẹ̀.

Kí n tún dúró díẹ̀ lórí must, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí àpọ́nlé ń ṣe jù. Ohun méjì ni must ń sọ. "You must always sign the register" jẹ́ dandan: ẹ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí i. "You must surely be tired" jẹ́ ìméfò ẹni tó wo ojú rẹ: ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Yorùbá máa ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sọ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sínú ọ̀rọ̀ kan, ó wá fi àpọ́nlé tọ́ka sí èyí tó ní lọ́kàn. Always àti never sábà máa ń fà á sí dandan, surely àti obviously sí ìméfò. Lè tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. "Ó lè wá" lè jẹ́ pé ó ní agbára àtiwá, ó sì lè jẹ́ pé bóyá yóò wá. Bí o bá ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè èyí tó jẹ́, kí o tó yàn láàárín can àti may.

Nítorí náà, mi ò rò pé gírámà ni ọ̀gá yín fàlà sí lábẹ́ gbólóhùn ìkẹta. Ọ̀rọ̀ owó ni. Òbí tó ka perhaps, tó tún ka might, máa rò pé ilé-ìwé ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà, tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀, fẹ́ mọ bí òun ṣe máa múra. Jọ̀ọ́, lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tí wọn kò bá tíì jókòó lé e lórí rárá, "School fees may increase next term" tó. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, kọ "may well increase" tàbí "will probably increase". Ẹni tó kà á yóò mọ̀ pé kí òun máa tọ́jú owó. Tí wọ́n bá ti pinnu, kọ will, kí o sì kọ iye rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Lórí definitely, mo ní èrò tèmi. Will nìkan ti jẹ́ ìlérí. Bí ilé-ìwé bá ń kọ "will definitely" nínú gbogbo lẹ́tà, tí ọkọ̀ sì pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òbí máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé will tí kò ní definitely nínú kò ṣeé gbára lé. Mo máa yọ ọ́, àyàfi tí wọ́n bá ti kùnà lórí ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ tí ọ̀gá yín sì fẹ́ fi àwọn òbí lọ́kàn balẹ̀.

Bí mo ṣe máa tẹ lẹ́tà náà rèé: "From Monday, the school bus will be able to reach Sabo. The proprietress still cannot see parents in the morning. Could you possibly come in the afternoon instead? School fees may well increase next term." Mo fi gbólóhùn ọ̀sán yẹn kún un torí pé lẹ́tà rẹ sọ ìgbà tí wọn ò lè rí òbí, kò sọ ìgbà tí wọ́n lè rí wọn. Bi ọ̀gá yín bóyá ọ̀sán bá wọn mu kí o tó tẹ̀ ẹ́, kí o sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bóyá may well ni àbí will.